Owó orí ilé ní Harris County: hcad.org àti hctax.net, bí mo ṣe lò wọ́n

Ẹ̀yin ará wa ní Houston, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀ ka eléyìí, ó gùn díẹ̀. Kò sí ọ̀sẹ̀ tí ẹnì kan ò ní dá mi dúró lẹ́yìn ìsìn pé ẹ̀gbọ́n, bíìlì ilé mi tún ti lọ sókè, kí ni kí n ṣe, mo wá ní kí n kúkú kọ ọ́ síbi kan kí gbogbo wa lè rí i kà. Wẹ́búsáìtì méjì ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa wọn, hcad.org àti hctax.net, torí ọ̀pọ̀ wa ló rò pé ilé iṣẹ́ kan náà ni, wọn kì í ṣe ọ̀kan náà rárá, ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ ti ń wọ́.

H-CAD, ìyẹn Harris Central Appraisal District, iṣẹ́ tiwọn ni kí wọ́n díye lé ilé. Wọn kì í gba owó orí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ọ́fíìsì Tax Assessor-Collector ti kántì ló ń fi ọ̀pọ̀ bíìlì ránṣẹ́ tó sì ń gba owó wọn, àwọn ló ni hctax.net. Orúkọ yẹn ló ń ṣi èèyàn lọ́nà, wọ́n pè é ní assessor, ẹ ó rò pé àwọn ló ń sọ iye tí ilé yín tó, àwọn kọ́. Àwọn tó ń pín owó náà tún wà lọ́tọ̀: iléèwé, ìlú, kántì, Harris Health tó ni ilé ìwòsàn ìjọba, Flood Control tó ń bójú tó ìkún omi, Port of Houston tó jẹ́ èbúté, kọ́lẹ́ẹ̀jì, tí MUD, ìyẹn àwọn tó ń pèsè omi fún àdúgbò kan, bá wà ní àdúgbò yín òun náà á gba tiẹ̀, olúkúlùkù ló ń sọ iye tó máa gbà lórí 100 dọ́là kọ̀ọ̀kan. Iléèwé ló sábà máa ń kó èyí tó pọ̀ jù. Texas ò kúkú gba owó orí lórí owó oṣù wa bíi ti àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn, torí náà orí ilé ló ti ń rí owó.

Mo ra ilé lápá Alief ní 2021. Nígbà tó fi máa di ìbẹ̀rẹ̀ 2023, ilé iṣẹ́ mọ́gééjì mi, mi ò ní dárúkọ wọn, kọ lẹ́tà pé owó tó wà nínú escrow, ìyẹn àpò tí wọ́n ń kó owó orí àti ìnṣọ́ránsì ilé pa mọ́ sí, ò tó, pé kí n máa fi nǹkan bí 400 dọ́là kún èyí tí mò ń san lóṣooṣù. Oorun ò kun mi lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ọmọ méjì, ìyàwó wà níléèwé nọ́ọ̀sì, níbo ni kí n ti rí 400? Mo pè wọ́n títí, ẹni tó bá gbé fóònù á ní kí n pe ẹlòmíì, ni mo bá gba ọ́fíìsì owó orí lọ, mo ti di ẹjọ́ mi lérù. Obìnrin tó wà lórí káńtà gbọ́ mi dópin, kò já lu ọ̀rọ̀ mi, ó wá yí kọ̀ǹpútà ẹ̀ sí mi, ó ní wò ó, kò sí homestead lórí ilé ẹ, tó bá sì jẹ́ pé iye tí wọ́n pe ilé ni ò tẹ́ ọ lọ́rùn, H-CAD ni kó o lọ bá, àwa kàn ń gba owó ni. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá ó ti tú u palẹ̀ fún mi, nǹkan tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi látọjọ́ tí mo ti ra ilé. Mi ò lè gbàgbé obìnrin yẹn.

Homestead yìí, ẹ̀dínwó ni fún ẹni tó ń gbé inú ilé ara ẹ̀. Tí ẹ bá fi ilé rẹ́ǹtì fún ẹlòmíì, kò sí fún ilé yẹn. Ó ṣe nǹkan méjì fún yín. Èkíní, wọ́n á yọ owó kúrò nínú iye ilé kó tó di pé iléèwé ṣírò tiẹ̀: 100,000 dọ́là ni tẹ́lẹ̀, ní November 2025 àwa olùdìbò Texas sọ ọ́ di 140,000. Ká ní wọ́n pe ilé yín ní 280,000, iléèwé á gba tiẹ̀ lórí 140,000 péré. Èkejì, láti ọdún tó tẹ̀lé ọdún tẹ́ ẹ rí i gbà, iye tí wọ́n ń fi ṣírò owó orí yín ò lè fi ju ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lọ sókè lọ́dún kan, àfi tẹ́ ẹ bá kọ́ nǹkan tuntun mọ́ ilé. Kò sí kọ́bọ̀ tẹ́ ẹ máa san láti gbà á. Fọ́ọ̀mù 50-114 ni, orí hcad.org lẹ ti lè kọ ọ́, ẹ ṣáà rí i pé àdírẹ́sì tó wà lórí láísẹ́ǹsì yín bá ti ilé yẹn mu, èyí ló ń dá èèyàn púpọ̀ padà. Àwọn kan á tún máa kọ lẹ́tà sí yín tó dà bíi ti ìjọba pé kẹ́ ẹ san owó káwọn bá yín gba homestead, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fà á ya. Tẹ́ ẹ bá sì ti pẹ́, ẹ má sọ̀rètí nù, òfin fàyè sílẹ̀ fún ẹni tó pẹ́ títí di ọdún méjì lẹ́yìn ọjọ́ tí owó ọdún yẹn di gbèsè. Bí mo ṣe rí ti 2022 gbà padà nìyẹn, ìdínkù náà wọlé, wọ́n tún escrow ṣírò, ọkàn mi balẹ̀.

Kí n wá sọ ti wẹ́búsáìtì H-CAD fúnra ẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ń wá ilé, ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún un. Kò ní kẹ́ ẹ ṣí àkáǹtì, ẹ kàn tẹ àdírẹ́sì tàbí orúkọ tàbí nọ́ńbà àkáǹtì ilé, gbogbo ẹ̀ á jáde: bí ilẹ̀ ṣe fẹ̀ tó, bí ilé ṣe tóbi tó, ọdún tí wọ́n kọ́ ọ, iye tí wọ́n pè é láwọn ọdún tó kọjá, homestead wà níbẹ̀ tàbí kò sí. Àwọn kan bẹ̀rù pé ṣé gbogbo ayé lè rí tàwọn náà ni. Bẹ́ẹ̀ ni, ìwé ìlú ni. Àmọ́ ohun tó jẹ́ kó dáa nìyẹn, torí ẹ lè rí ti aládùúgbò tí ilé ẹ̀ jọ tiyín, tí wọ́n bá pe tiẹ̀ ní kékeré tí wọ́n pe tiyín ní ńlá, ẹjọ́ wà lẹ́nu yín. Ẹ wo bóyá ìwọ̀n ilé pé, bóyá wọn ò kọ gàréèjì tẹ́ ò ní síbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá wá rí market value, iye tí wọ́n rò pé ilé lè tà lẹ fi mọ ìyẹn, appraised value ni èyí tí wọ́n ti fi ìdá mẹ́wàá yẹn dá dúró, taxable value lèyí tó ṣẹ́ kù lẹ́yìn ẹ̀dínwó. Èdè yẹn le jù fáwọn òbí wa, ìràwọ̀ kan ni mo yọ níbẹ̀.

Lẹ́tà iye ilé máa ń dé nígbà ìrúwé. Ẹni tó bá fẹ́ ta kò ó ní títí di May 15, tàbí ọgbọ̀n ọjọ́ lẹ́yìn tí wọ́n fi lẹ́tà ránṣẹ́, èyí tó bá kẹ́yìn. Ẹ má dúró de bíìlì o! Tí bíìlì bá dé ní ìparí ọdún, ọjà ti tú. Nọ́ńbà iFile wà lórí lẹ́tà yẹn, ẹ máa fi kọ àtakò yín lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì lè fi iye tuntun lọ̀ yín lórí iSettle láìjẹ́ pé ẹ dé ọ́fíìsì wọn ní Northwest Freeway. Tẹ́ ò bá gbà á, ẹ ó lọ síwájú ARB, ìyẹn Appraisal Review Board, ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹjọ́ iye ilé. Iye tí ilé tó ní January 1 ọdún yẹn ni wọ́n ń wò. Ìjì Beryl bà mí nílé jẹ́ ní July 2024, títí January 2025 òjò ṣì ń jò sínú yàrá àwọn ọmọ, mo ya fótò ẹ̀ tọjọ́ tọjọ́, mo gba ìwé iye àtúnṣe lọ́wọ́ kápẹ́ńtà, mo fi ilé mẹ́ta tó tà ládùúgbò sí i. Wọ́n fi 17,000 dín in lórí iSettle, mo gbà. Ẹni tó máa lọ síwájú ARB kó bèèrè ẹ̀rí tí H-CAD fẹ́ lò, ẹ̀tọ́ yín ni, ọjọ́ mẹ́rìnlá kí ọjọ́ ẹjọ́ tó pé ló yẹ kó ti wà nílẹ̀ fún yín.

Ti owó sísan ò gùn. January 31 ni ọjọ́ ìkẹyìn. Ní February wọ́n á ti fi ìdá méje nínú ọgọ́rùn-ún lé e, á máa fi méjì méjì gùn lóṣooṣù títí di June, tó bá di July á fò sí 18, owó agbẹjọ́rò tó lè tó ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún tún lè gorí ẹ̀. Pé bíìlì ò dé ọ̀dọ̀ yín kì í ṣe àwáwí lábẹ́ òfin. Ẹni tí báńkì ń bá san, ẹ wọ hctax.net ní January kẹ́ ẹ fojú ara yín rí i pé wọ́n ti san án, ẹ tẹ rìsíìtì ẹ̀ síta. Ní tèmi o, mo fún hctax.net ní ìràwọ̀ márùn-ún torí ó ṣe tààrà, ẹ̀ ń rí gbogbo ohun tẹ́ ẹ ti san látẹ̀yìn.

Ẹni tó ti pé ọdún 65, tiẹ̀ tún yàtọ̀. Láti 2025, 60,000 wà lórí 140,000 yẹn fún owó orí ti iléèwé, owó orí ti iléèwé ẹ̀ ò sì ní lọ sókè mọ́ níwọ̀n ìgbà tó bá ṣì ń gbé ilé náà tí kò kọ́ nǹkan mọ́ ọn, ó sì lè pín owó ọdún san lẹ́ẹ̀mẹrin láìsí ìtanràn. Màmá kan wà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, ẹni ọdún 71, bàbá ti kú, màmá ń san owó kíkún ní gbogbo ọdún wọ̀nyí, wọn ò mọ̀ pé nǹkan wà fáwọn. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá a jókòó sínú mọ́tò mi lẹ́yìn ìsìn, mo ya fótò láísẹ́ǹsì wọn, a kọ fọ́ọ̀mù náà lórí fóònù, kò tó ìṣẹ́jú ogún. Màmá ní kí n tún ka ibi tí wọ́n kọ 65 sí fáwọn lẹ́ẹ̀kan sí i, mo kà á, wọ́n kàn ń mi orí ni. A ti ń retí èsì.