Aṣọ òde àwọn ìdílé olóṣèlú: èwo ló tó owó rẹ̀ nínú léèsì, aṣọ òkè, ìyùn àti góòlù?

Ní oṣù August 2024, RMAFC, àjọ tó ń ṣètò owó oṣù àwọn tó wà nípò ìjọba ní Nàìjíríà, gbé àkọsílẹ̀ owó tó tọ́ sí sẹ́nétọ̀ kan jáde. Owó aṣọ wà nínú rẹ̀: ₦42,216.66 lóṣù, ìyẹn ₦506,600 lọ́dún. Ẹ fi iye yẹn sọ́kàn bí a ṣe ń yẹ ohun tí àwọn ìdílé olóṣèlú ń wọ̀ sóde ìgbéyàwó àti òkú àgbà wò. Ọ̀pọ̀ ìdílé tí kò rí já jẹ ló ń yáwó ra irú rẹ̀, torí pé ara àwọn olóṣèlú ni wọ́n ti rí i. Ohun tó sì ń dùn wá ni pé ibi tí kò yẹ ni wọ́n ń kó owó náà sí.

Léèsì ló ń gba ojú jù, òun náà ló sì ń tètè bàjẹ́ jù. Èyí tí àwọn ọlọ́jà ń pè ní ojúlówó ń wá láti Lustenau, ìlú kékeré kan ní ẹkùn Vorarlberg ní orílẹ̀-èdè Austria, níbi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ ṣiṣẹ́ ọnà sára aṣọ fún ọjà Nàìjíríà láti àwọn ọdún 1960. Owó epo rọ̀bì àwọn ọdún 1970 ló sọ ọjà náà di ńlá. Yáàdì márùn-ún márùn-ún ni wọ́n ń dì í. Ìró àti bùbá ń gba yáàdì márùn-ún. Agbádá pẹ̀lú bùbá àti ṣòkòtò ń gba mẹ́wàá. Tọkọtaya kan ti kó yáàdì 15 sọ́rùn kí wọ́n tó kan ọmọ, bí wọ́n bá sì pààrọ̀ aṣọ lẹ́ẹ̀mẹta lójú agbo kan, yáàdì 45 nìyẹn fún ọjọ́ kan ṣoṣo.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ yí ẹ̀yìn léèsì náà síta. Iṣẹ́ tó dára, ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́ bí ojú rẹ̀: òwú kò fò láti òdòdó kan dé èkejì, kò sì sí kókó tó yọrí. Ẹ fa fọ́nrán kan létí aṣọ kí ẹ fi iná sí i. Òwú gidi á jó bíi bébà, eérú rẹ̀ á sì lọ lẹ́búlẹ́bú láàárín ìka. Polyester á yọ́, á ká jọ bí ìlẹ̀kẹ̀ dúdú tó le. Polyester fúnra rẹ̀ kò lẹ́bi kankan. Ẹ̀bi wà níbi tí wọ́n bá gba owó òwú lórí rẹ̀. Bó bá jẹ́ èyí tí wọ́n ń pè ní hand-cut ni, sísísì ni wọ́n fi gé àárín ọnà náà lẹ́yìn tí ẹ̀rọ ti parí iṣẹ́, ibẹ̀ sì ni owó rẹ̀ wà. Ẹ fi àtàńpàkò nu etí ihò kọ̀ọ̀kan. Bí irun òwú bá ń hù níbẹ̀, wọ́n kánjú gé e ni, yóò sì máa tú bí ẹ bá ṣe ń wọ̀ ọ́.

Òkúta ara rẹ̀ ló ń ba nǹkan jẹ́. Ti gíláàsì tutù bí ẹ bá fi kan ètè, ó sì wúwo. Ti ike kì í tutù. Ṣùgbọ́n gíláàsì ni o, ike ni o, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ni wọ́n fi gọ́ọ̀mù tí ooru ń yọ́ lẹ̀ mọ́ aṣọ. Ooru tó lẹ̀ ẹ́ náà ló ń tú u: áyọ́ọ̀nù gbígbóná, omi gbígbóná, bùútù ọkọ̀ tó wà nínú oòrùn láti àárọ̀. Bó bá jẹ́ orí nẹ́ẹ̀tì ni wọ́n to òkúta sí, ìwúwo òkúta á fa nẹ́ẹ̀tì ya lábẹ́ apá àti níbi ìjókòó, torí ibẹ̀ ni aṣọ ti ń nà jù. Ẹ wo ìdí ìró olókùúta tó ti jáde lẹ́ẹ̀mẹta: ẹ ó rí ojú gọ́ọ̀mù róbótó róbótó, tó pọ́n bí omi tíì tó ta sára aṣọ. Kò sí télọ̀ tó lè dá a padà.

Télọ̀ náà ní iṣẹ́ tirẹ̀. Níbi tí ojú rírán bá máa gbà, ó gbọ́dọ̀ fi pláyà fọ́ òkúta kúrò ní ìwọ̀n ínṣì kan kí ó tó rán an. Tí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, abẹ́rẹ́ á máa ṣẹ́, ojú rírán á sì wọ́. Kí ó fi aṣọ òwú sí abẹ́ rẹ̀, torí ẹ̀yìn òkúta ń họ ara. Omi tútù àti ọṣẹ tí kò le ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́, ẹ má fún un; ẹ̀yìn rẹ̀ ni kí ẹ lọ̀, pẹ̀lú aṣọ mìíràn láàárín. Léèsì voile, ìyẹn aṣọ òwú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, tí kò ní òkúta ni àwa máa rà. Ó ń fẹ́ atẹ́gùn sára, ó sì ń ṣeé fọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Aṣọ òkè tó owó rẹ̀, bó bá jẹ́ híhun ọwọ́. Ojú ọ̀fì tóóró ní Ìsẹ́yìn àti àwọn ìlú bẹ́ẹ̀ ló ti ń jáde, ní ọ̀já tó fẹ̀ tó ínṣì mẹ́rin tí wọ́n wá ń rán pọ̀. Ẹ wo ibi tí wọ́n ti rán an pọ̀: ìlà ọnà ọ̀já kan gbọ́dọ̀ bá ti èkejì pàdé. Èyí tí òwú dídán pọ̀ nínú rẹ̀ rẹwà lójú fọ́tò, àmọ́ ó ń ṣẹ́ níbi tí wọ́n bá ti ká a, gèlè sì rèé, gbogbo ara rẹ̀ kíká ni. Sányán gidi, òwú kòkòrò ni, àwọ̀ rẹ̀ sì dà bí iyanrìn láìsí aró. Èyí tó pọ̀ lọ́jà báyìí, òwú lásán tí wọ́n pa láró ni. Ẹ béèrè kí ẹ tó san owó sányán.

Ìyùn ńkọ́? Inú òkun ló ti ń wá, ọ̀pọ̀ èyí tó pupa sì ń jáde láti Mẹditaréníà. Ojúlówó tutù, ó wúwo, ẹyọ méjì kì í sì jọra délẹ̀délẹ̀. Ẹ rẹ òwú sínú acetone tí wọ́n fi ń pa ọ̀dà èékánná rẹ́, kí ẹ fi nu ẹyọ kan: bí òwú bá pọ́n, wọ́n pa á láró ni. Ẹ má ṣe gbà kí wọ́n kán ọsàn wẹ́wẹ́ sí i lójú yín. Ìyùn tòótọ́ á hó lóòótọ́, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ á bàjẹ́. Lọ́fínńdà àti òógùn náà ń pa dídán rẹ̀, nítorí náà ẹ fi aṣọ rírọ̀ nù ún kí ẹ tó tọ́jú rẹ̀. Kí wọ́n ta kókó láàárín ẹyọ méjì méjì, kó má baà jẹ́ pé bí okùn bá já, gbogbo rẹ̀ á fọ́n ká ilẹ̀.

Góòlù nìkan ni ẹ lè gbé padà sọ́jà kí ẹ sì rí owó gidi gbà, ibẹ̀ náà sì ni ìnáwó àwọn ìdílé wọ̀nyí ti ń kọjá ààlà. 750 lára rẹ̀ túmọ̀ sí kárátì 18, 916 túmọ̀ sí kárátì 22. Òǹtẹ̀ ṣeé lù sára ohunkóhun, nítorí náà ẹ fi omi dán an wò. Bí kò bá ní òkúta, tí inú rẹ̀ kò sì ṣófo, gírámù 30 góòlù kárátì 18 á ti omi sókè ní bíi mílílítà méjì. Idẹ tó wúwo tó bẹ́ẹ̀ á tì í tó mẹ́ta àbọ̀. Lọ́jọ́ títà, ìwúwo nìkan ni wọ́n ń sanwó fún, owó iṣẹ́ ọnà ti wọlẹ̀.

Ní September 2019, ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Èkó pàṣẹ pé kí ohun ọ̀ṣọ́ 2,149 tí wọ́n rí nílé Diezani Alison-Madueke, mínísítà epo tẹ́lẹ̀, di ti ìjọba, pẹ̀lú fóònù iPhone oníwúrà kan. EFCC ní gbogbo rẹ̀ tó 40 mílíọ̀nù dọ́là. Bí a bá pín in dọ́gba, ọ̀kọ̀ọ̀kan lé ní 18,000 dọ́là.

Olóṣèlú tó ti là kó tó dé ipò wà, owó ara rẹ̀ ló ń ná. Ṣùgbọ́n ìṣirò owó aṣọ kò le. Góòlù kọjá 3,000 dọ́là fún áúnsì kan ní March 2025, áúnsì kan sì jẹ́ gírámù 31.1. Bí a bá fi ₦1,500 ṣe dọ́là kan, gírámù kan kárátì 22 tó ₦132,500 nígbà náà. Owó aṣọ sẹ́nétọ̀ fún ọdún kan gbáko kò ra gírámù mẹ́rin. Ẹ̀gbà ọrùn, yẹtí àti ẹ̀gbà ọwọ́ tó wúwo tó gírámù 120 lápapọ̀ á gba owó aṣọ ọdún 31, láìtíì ra gèlè.