Ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá àti ìró karùn-ún: ṣọ́ọ̀bù tó sọ Remington mi di oníkatiríìjì

“Ṣé o ò wá lè yéé fà á jẹ́jẹ́ ni?” Ohun tí ọmọkùnrin tó wà ní káńtà ṣọ́ọ̀bù tó tún ìbọn mi ṣe sọ fún mi nìyẹn, lẹ́yìn tí mo wa mọ́tò wákàtí mẹ́ta láti Houston lọ bá wọn. Ọ̀rọ̀ yẹn ló mú mi jókòó kọ èyí.

Remington 1858 ni ìbọn náà, ìléwọ́ ẹlẹ́tù ayé àtijọ́, ẹ̀dà tí ilé iṣẹ́ Uberti ń ṣe ní Ítálì, férémù irin. Bàbá mi ṣọdẹ ní Ìgbòho, ṣakabùlà ni wọ́n lò títí ọjọ́ ogbó wọn, torí náà mi ò bá ẹ̀tù jà. Kápù, ìdérí bàbà kékeré tó ń dáná sí ẹ̀tù, ló sú mi. Bí o bá ti yìn ín, bàbà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ yẹn á fọ́, èérún rẹ̀ á já sínú ìbọn, gbogbo ẹ̀ á há, wàá wá dúró ní pápá máa fi ẹnu ọ̀bẹ tú u jáde. Ni mo bá fi ránṣẹ́ kí wọ́n bá mi fi sílíńdà oníkatiríìjì sí i, ìyẹn àgbá tó ń yí, tó ń gba ọta tó ti ní ẹ̀tù nínú, irú èyí tí wọ́n ń pè ní .45 Colt, oníhò márùn-ún, kí wọ́n sì gé ọ̀nà sí èjìká férémù tí katiríìjì á máa gbà wọlé.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n dá. Ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá ló gbà. Mo pè wọ́n lẹ́ẹ̀meje, “ó ti wà lórí tábìlì” ni wọ́n ń wí ṣáá. Nígbà tó dé, mi ò ní purọ́, ó dùn ún wò. Ibi tí wọ́n gé mọ́ tónítóní, kò ha mí lọ́wọ́, àwọ̀ tí wọ́n kùn padà bá ti àtijọ́ mu. Mo wá fi àtàǹpàkò fa òòlù ẹ̀yìn ìbọn, tó ń yí sílíńdà, jẹ́jẹ́. Ihò kìíní dún, ó tì. Ìkejì, ìkẹta, ìkẹrin. Ní ìkarùn-ún, òòlù ti dé ẹ̀yìn pátápátá, sílíńdà ṣì ń mì. Ihò ò kọjú sí ọ̀pá ìbọn dáadáa. Ẹ yìn ín báyẹn, òjé á fi ẹ̀gbẹ́ ha ẹnu ọ̀pá, èérún rẹ̀ á fò sójú ẹni tó dúró tì yín.

Mo pè. Obìnrin tó gbé e ní bóyá epo ni mi ò fi sí i. Mo fi epo sí i. Ó ní kí n fi fídíò ránṣẹ́. Mo fi ránṣẹ́, ọjọ́ mẹ́sàn-án kọjá, wọn ò fèsì. Mo wa mọ́tò lọ.

Ọmọkùnrin yìí gba ìbọn, ó ń fà á wàràwàrà, ó ní kò sóhun tó ṣe é. Bẹ́ẹ̀ eré tí sílíńdà ń sá bọ̀ ló ń gbé e débi tó yẹ, òun ló bo àléébù náà. Mo ní kó fà á jẹ́jẹ́. Ó fà á, ìkarùn-ún ò tì. Ibẹ̀ ló ti sọ̀rọ̀ tí mo kọ sókè yẹn, ó sì padà sídìí fóònù rẹ̀.

Owó mi ni mo fẹ́ gbà padà nígbà tí bàbá kan jáde láti ẹ̀yìn, épírọ́ọ̀nù wọn dúdú fún epo. Ẹnikẹ́ni ò tíì bá wọn sọ nǹkan kan. Wọ́n ní, “Mẹ́rin ló dún. Ẹ gbé e wá.” Ẹ̀yìn ògiri ni wọ́n ti gbọ́ ọ!

Wọ́n fún mi ní àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì wọn. Wọ́n yọ irin pẹlẹbẹ tó ń ti sílíńdà yí, wọ́n fi èyí tó gùn jù ú lọ díẹ̀ rọ́pò, wọ́n fi fáìlì ha á, wọ́n dán an wò, wọ́n tún ha á. Ó tó wákàtí méjì. Wọ́n ń sọ̀tàn bí wọ́n ṣe ń ṣe é: Rollin White ló gbàwé àṣẹ sílíńdà tí ihò rẹ̀ là já lọ́dún 1855, ilé iṣẹ́ ìbọn Smith & Wesson ló ń lò ó, Colt ò sì lè ṣe irú rẹ̀ títí ìwé náà fi parí lọ́dún 1869. Remington ní tiwọn sanwó fún Smith & Wesson, wọ́n ti ń yí ìbọn padà láti 1868. “Irú tìrẹ yìí gan-an,” ni bàbá wí.

Wọ́n yin mẹ́wàá fúnra wọn kí wọ́n tó gbé e lé mi lọ́wọ́. Ẹ̀tù dúdú ló wà nínú katiríìjì náà. Mo yin márùn-ún, èéfín funfun bò mí, òórùn ẹ̀wù ọdẹ bàbá mi gba imú mi kan. Àtẹ́lẹwọ́ mi bo ojú ọta márààrún lára bébà. Bàbá ò gba kọ́bọ̀. Wọ́n kìlọ̀ lẹ́ẹ̀mejì: ẹ̀tù dúdú tàbí katiríìjì tí agbára rẹ̀ kéré nìkan, kí n má sì fi sílíńdà yìí sí férémù idẹ láéláé. Wọ́n ní kí n rántí pé òfin àpapọ̀ Amẹ́ríkà, tí kì í ka ẹ̀dà ẹlẹ́tù sí ìbọn, á kà á sí ìbọn nígbà tí sílíńdà yìí bá ti wọ̀ ọ́.

Bí mo ṣe ń jáde, ọmọ káńtà ní mo jẹ owó ìfiránṣẹ́. Rìsíìtì rẹ̀ wà lápò mi.

Ìràwọ̀ méjì nínú márùn-ún. Colt 1860 mi ti wà nínú àpótí. Èmi fúnra mi ni màá gbé e lọ lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ọ̀dọ̀ bàbá lẹ́yìn ni mò ń lọ tààrà.