Ìrẹsì gbàǹjo kọ́sítọ́ọ̀mù: ẹ̀yin alásè, ẹ ṣọ́ra, wọ́n ti gba tèmi

Ẹ̀yin alásè, ẹ̀yin oníbùrẹ́dì, ẹ̀yin tí ẹ ń ta oúnjẹ níwájú ilé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí tán kí ẹ tó fi owó ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni tó bá ní òun ní ọjà gbàǹjo kọ́sítọ́ọ̀mù lọ́wọ́. ₦263,000 ni wọ́n gbà lọ́wọ́ mi. Láti ọdún 2024 ni mo ti pa á mọ́ra, ọkọ mi pàápàá kò mọ iye tó jẹ́ gan-an títí di oṣù tó kọjá. Ohun tó là mí lẹ́nu ni pé ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ ń dáná pè mí lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ní òun rí òróró kẹ́ẹ̀gì ní owó pọ́ọ́kú, ó sì fi àwòrán ọ̀gá tó ń tà á hàn mí. Ojú kan náà ni. Káàdì ọrùn kan náà. Ìrẹsì ló ń tà nígbà tèmi, òróró ló ń tà báyìí.

Ẹ rántí bí nǹkan ṣe rí níbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024. Àpò ìrẹsì 50kg tí mo ń rà ní Bódìjà ti lé ní ₦70,000, iye tí wọ́n sì sọ fún ọ láàárọ̀ lè yí padà tó bá fi máa di ọ̀sán. Ìgbà yẹn ni ìjọba ní kí kọ́sítọ́ọ̀mù ta oúnjẹ tí wọ́n gbẹ́sẹ̀ lé fún aráàlú. Lóṣù Kejì, ní Yaba l'Ékòó, wọ́n ń ta àpò 25kg ní ₦10,000 fún ẹni tó bá mú NIN rẹ̀ wá. Èrò ya bo ibẹ̀, wọ́n tẹ ara wọn mọ́lẹ̀, àwọn kan kú, wọ́n sì dá títà náà dúró. Gbogbo wa la gbọ́ ìròyìn yẹn. Àwọn gbájúẹ̀ náà gbọ́ ọ, inú ẹ̀ gan-an ni wọ́n sì ti yọ irọ́ tiwọn jáde.

Mo ní iṣẹ́ lọ́wọ́ nígbà náà, ìsìnkú ìyá àgbà kan ní Mọ́níyà. A ti dúnàádúrà láti oṣù Kejìlá, wọ́n ti san owó, n kò sì lè padà lọ bá ọmọ olókùú pé ìrẹsì ti gbówó lórí. Tí mo bá ra ìrẹsì ní iye tí wọ́n ń tà á, mo fẹ́ fi owó ara mi sìnkú ìyá oníyàá nìyẹn. Orí Facebook ni mo wà lóru tí mo rí i: ìrẹsì kọ́sítọ́ọ̀mù, 50kg, ₦38,000. Mo kọ̀wé sí ẹni tó gbé e síbẹ̀. Ó dá mi lóhùn ní Yorùbá tó já gaara, “Ẹ kú iṣẹ́ o, màmá, ẹ kú ìnáwó ọjà.” Kò kán mi lójú. Ó ní láti ìgbà tí èèyàn ti kú ní Yaba ni àwọn ọ̀gá ti pinnu pé àwọn kò ní í ta ọjà fún èrò mọ́, pé aṣojú ni wọ́n ń kó o fún, aṣojú á sì tà á fún àwọn oníṣòwò nìkan, ó kéré tán àpò mẹ́wàá. Ẹ ò rí i pé ó jọ òótọ́?

Èmi tí mo máa ń sọ fún oníbàárà tó bá nájà mi já ilẹ̀ pé ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Mo gbàgbé òwe ara mi.

Ó fi mí sínú ẹgbẹ́ WhatsApp kan, èèyàn tó wà níbẹ̀ lé ní igba. Kò sí ẹni tó lè kọ nǹkan síbẹ̀ àyàfi àwọn alábòójútó. Ó ní kí ariwo má bàa pọ̀ ni. Lálaalẹ́ ni wọ́n ń gbé ẹ̀rí jáde: ìyá kan l'Óṣogbo gba ọgbọ̀n àpò, ẹnì kan l'Abẹ́òkúta gba ogún, òmíràn ní Ìlọrin ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Àwòrán wà, àpò ìrẹsì tí wọ́n tò dé àjà. Ẹ̀yìn tí gbogbo ẹ̀ bàjẹ́ tán ni mo tó jókòó wo àwọn àwòrán yẹn dáadáa. Nínú èyí tí wọ́n ní Òṣogbo ni, àga rọ́bà búlúù kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, apá òsì rẹ̀ ti kán, wọ́n fi wáyà dì í. Nínú ti Abẹ́òkúta, àga yẹn náà nìyí, wáyà náà nìyí. Nínú ti Ìlọrin, wọ́n gbé báàgì kan lé e, àmọ́ wáyà yọ lábẹ́ rẹ̀. Àga kan ṣoṣo, ìlú mẹ́ta. Ìrẹsì ni mò ń wò nígbà náà, ta ló ń wo àga?

Káàdì ọrùn rẹ̀ náà ńkọ́? “Nigerian Custom Service” ni wọ́n kọ sí i gàdàgbà. Nigeria Customs Service ni orúkọ àjọ náà. Ọmọ mi tó wà ní JSS2 ló fi àṣìṣe yẹn hàn mí, lẹ́yìn tí owó ti lọ. Ó tún fi ìwé CAC, àjọ tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀, ránṣẹ́. Ẹnikẹ́ni ló lè wo orúkọ ilé-iṣẹ́ lórí ojú òpó CAC, ọ̀fẹ́ ni, kò gbà ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Nígbà tí mo wo nọ́ńbà tó wà lórí ìwé náà, ilé-iṣẹ́ tó ń gbẹ́ kànga ló jáde. N kò gbàgbọ́ pé àwọn onílé-iṣẹ́ yẹn mọ̀ pé wọ́n ń fi ìwé àwọn lu jìbìtì.

Àpò mẹ́wàá, ₦380,000. Ó ní kí n san ìdajì, kí n san ìyókù nígbà tí ọjà bá dé ẹnu ọ̀nà mi. Ibí yìí gan-an ló ti mú mi. Mo sọ nínú ara mi pé ẹni tó bá jẹ́ olè kò ní í ní kí n dúró kí ọjà dé. Mo san ₦190,000 lọ́jọ́ Jímọ̀, ó ku díẹ̀ kí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ lù. Orúkọ tó jáde lórí fóònù kí n tó tẹ nọ́ńbà àṣírí mi kì í ṣe orúkọ tirẹ̀, kì í sì í ṣe orúkọ ilé-iṣẹ́ kankan. Orúkọ obìnrin kan ni. Mo bi í. Ó ní akọ̀wé owó àwọn ni. Mo tẹ̀ ẹ́.

Kò pé wákàtí kan tó fi pè pé àwọn alábàárù tí wọ́n máa gbé ẹrù sínú ọkọ̀ ń béèrè ₦25,000. Mo san án. Lálẹ́, ó ní ìwé àṣẹ ìjáde ni ọkọ̀ ń dúró dè, ₦48,000, kí n yọ ọ́ nínú ìyókù tí mo máa san. Mo rò ó wò. Mo ní tí n kò bá san èyí, ₦190,000 mi ti há síbẹ̀ nìyẹn. Mo tún san án.

Mo fẹ́ kí ẹ dúró níbí díẹ̀, torí ibí ni gbogbo ẹ̀ wà. Owó àkọ́kọ́, ìrẹsì ni mo fi ń rà. Owó kejì àti ìkẹta, owó àkọ́kọ́ ni mo fi ń rà padà. Àwọn èèyàn yìí mọ̀ bẹ́ẹ̀. Iye tí wọ́n ń kọ́kọ́ gbà kì í tó wọn, ìwọ̀ ẹja ni wọ́n fi í ṣe. Ìgbà tó bá ti há ọ lọ́nà ọ̀fun ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í fà: owó alábàárù, owó ìwé, owó agbófinró, owó epo dísù. Wọn kì í béèrè iye tó pọ̀ ju èyí tó o ti san lọ, torí kí ó lè máa dà bíi pé díẹ̀ ló kù.

Láàárọ̀ Sátidé, awakọ̀ pè mí. Ohùn àgbàlagbà, ariwo ọkọ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀. “Màmá, Ògèrè la wà yìí, ẹ máa wá ẹni tó máa já ẹrù.” Mo ti ní kí wọ́n palẹ̀ yàrá ẹrù mọ́. Kò ju ogójì ìṣẹ́jú lọ, ó tún pè: agbófinró ti dá àwọn dúró ní Mówé, ₦45,000 ni wọ́n ń gbà kí ọkọ̀ tó lè kọjá. Mo ti fa fóònù yọ. Ọmọkùnrin tó ń bá mi gbé ìkòkò, tó ti ṣe kọ̀ǹdọ́ rí lójú ọ̀nà yẹn, ló wà níbi tó ti ń bó àlùbọ́sà. Kò tiẹ̀ gbójú sókè. Ó ní, “Mọ́mì, ẹni tó ń ti Èkó bọ̀ n'Íbàdàn, Mówé ló máa kọ́kọ́ kàn, kó tó dé Ṣágámù, kó tó wá dé Ògèrè. Àbí wọ́n ti ṣẹ́rí padà ni?”

Ọwọ́ mi dúró lórí fóònù. Mo bi awakọ̀ náà ní ìbéèrè kan náà. Ó dákẹ́, mo gbọ́ tí ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ló bá pa fóònù. Kí n tó wọ inú ẹgbẹ́ WhatsApp, wọ́n ti yọ mí kúrò. Owó àjọ tí mo fẹ́ fi san owó ilé-ìwé àwọn ọmọ ni mo kó lọ sí Bódìjà lọ́jọ́ Ajé, ìsìnkú Mọ́níyà sì kọjá láìsí ẹni tó mọ̀ pé mo ń sunkún nídìí ààrò. Èéfín ni wọ́n rò pé ó ń ṣe mí.

Àṣìṣe mi tó tún burú ju ti ìrẹsì lọ ni pé mo jókòó sílé láti Sátidé di ọjọ́ Ajé, mo ń tijú. Nígbà tí mo dé báńkì, ọmọbìnrin tó dá mi lóhùn ní ká ní mo ti pè lójú ẹsẹ̀, wọn ì bá bá mi kàn sí báńkì kejì kí wọ́n so ohun tó bá ṣẹ́kù nínú àkáǹtì yẹn mọ́lẹ̀. Wọ́n wò ó, wọ́n ti kó gbogbo ẹ̀ lọ kí ilẹ̀ ọjọ́ Sátidé tó mọ́. Ẹ wo ìdí tó fi jẹ́ ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀ ló wù wọ́n láti gba owó. Nọ́ńbà tí báńkì yín ń lò fún ẹjọ́ jìbìtì, ẹ wá a sórí fóònù yín lónìí, nígbà tí ara ṣì dẹ̀ yín. Gbogbo báńkì ló ní in, wọ́n sì máa ń gbé e ní òpin ọ̀sẹ̀. Ẹ má pa ọ̀rọ̀ tí ẹ jọ kọ síra yín rẹ́, ẹ má sì ju rìsíìtì nù. Ohun tí mo kó lọ sọ́dọ̀ EFCC ní Ìyágankú nìyẹn, àwọn náà sì ni wọ́n béèrè lọ́wọ́ mi kí n tó jókòó.

Kọ́sítọ́ọ̀mù ní ojú òpó gbàǹjo tiwọn lóòótọ́, láti ọdún 2017 ni wọ́n ti gbé e síta. Ọkọ̀ àti ẹrù inú kọ̀ǹténà ló pọ̀ jù níbẹ̀, ẹni tó fẹ́ dá owó lé nǹkan sì gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà TIN, ìyẹn nọ́ńbà owó orí. Kì í ṣe orí WhatsApp ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ “ẹ san ìdajì ná.” Owó ìjọba àpapọ̀ kì í sì í gba inú àkáǹtì ẹnì kan kọjá, láti ọdún 2015 ni wọ́n ti ń kó o sínú TSA, àkáǹtì kan ṣoṣo tí ìjọba ń lò, ní báńkì àgbà CBN. Nítorí náà, tí ẹnì kan bá ní ọjà ìjọba lòun ń tà, tí orúkọ Bísí tàbí Lékan sì jáde nígbà tí ẹ tẹ nọ́ńbà àkáǹtì, ẹ pa fóònù dé.

Ọ̀rọ̀ kan ló kù. Lẹ́yìn tí mo sọ tẹnu mi fún àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan ní ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn, ẹnì kan tí n kò mọ̀ rí fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí mi. Ó ní òun gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi, pé òun ní ẹ̀gbọ́n kan ní EFCC tó lè bá mi gba ₦263,000 náà padà pé pérépéré. Ó ní ₦15,000 péré ni owó fọ́ọ̀mù.