Ilé-ẹ̀kọ́ awakọ̀ òfurufú méjì: èyí tí mo fi sílẹ̀ àti èyí tí mo ti yege

Ilé-ẹ̀kọ́ méjì ni mo gbà kọjá kí ìwé àṣẹ awakọ̀ òfurufú aládàáni tó tẹ̀ mí lọ́wọ́, ìyẹn ìwé tó ń fún ènìyàn láyè láti fi bàálù kékeré gbé ara rẹ̀ àti àwọn ènìyàn rẹ̀ káàkiri, ṣùgbọ́n tí kò fún un láyè láti gba owó iṣẹ́ lórí rẹ̀. N kò ní dárúkọ èyíkéyìí nínú wọn. Ohun tó jẹ mí lógún ni pé kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ mọ ohun tí yóò wò kí owó rẹ̀ tó bọ́ sọ́wọ́ wọn.

Owó wákàtí kan tó kéré jù ló fà mí lọ sí ti àkọ́kọ́. Bàálù mẹ́rin ló wà nínú àwòrán tí wọ́n fi ń polówó, ṣùgbọ́n ẹyọ kan ṣoṣo ló ń fò nígbà tí mo débẹ̀. Àwọn yòókù ń retí àtúnṣe tí kò dé títí mo fi kúrò. Bí mo bá rí àyè fò lónìí, ó di lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta kí n tó tún rí i, ọwọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ nǹkan ṣe kì í sì í pẹ́ gbàgbé, nítorí náà ìdajì ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ni a fi ń tún ti ìṣáájú ṣe. Láàárín oṣù márùn-ún, olùkọ́ mẹ́rin ló kọ́ mi. N kò bá àwọn olùkọ́ náà wí, torí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó ń kọ́ni ní wíwa bàálù ń fi iṣẹ́ náà kó wákàtí jọ kí ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú ńlá lè gbà wọ́n. Ilé-ẹ̀kọ́ ni mo bá wí, tí kò kọ ohun tí mo ti mọ̀ sílẹ̀ fún ẹni tó ń bọ̀, tó fi jẹ́ pé olùkọ́ tuntun kọ̀ọ̀kan ní láti dán mi wò láti ìbẹ̀rẹ̀, owó mi ni wọ́n sì fi ń dán an wò.

Iye wákàtí tí òfin béèrè ló máa ń ṣi ènìyàn lọ́nà. Ní Amẹ́ríkà, 40 wákàtí ló kéré jù, tàbí 35 ní ilé-ẹ̀kọ́ tí ìjọba ti fọwọ́ sí ìlànà ẹ̀kọ́ rẹ̀. Lábẹ́ òfin Yúróòpù tí èmi fi kọ́ ọ, 45 ni, tí 25 nínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ pẹ̀lú olùkọ́, tí 10 sì jẹ́ èyí tí akẹ́kọ̀ọ́ dá fò lábẹ́ àbójútó. Ilé-ẹ̀kọ́ yóò fi owó wákàtí kan ṣírò iye yìí, yóò sì kọ ọ́ sínú ìwé bí ẹni pé gbogbo owó náà nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ló ń kọjá rẹ̀. Ẹ béèrè iye wákàtí tí àwọn tó yege láìpẹ́ lò. Ẹ tún béèrè bóyá ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá ti ń ṣiṣẹ́ ni wọ́n ti ń kà tàbí ìgbà tí táyà bá kúrò nílẹ̀, kí ẹ sì mọ ẹni tó máa san owó ìbalẹ̀ àti owó olùdánwò.

Ní ilé-ẹ̀kọ́ kejì, ọ̀gá àwọn olùkọ́ kò gba owó kankan lọ́wọ́ mi kí n tó lọ ṣe àyẹ̀wò ìlera lọ́dọ̀ dókítà tí àjọ ọkọ̀ òfurufú fọwọ́ sí, nítorí pé ẹni tó ti náwó tán kí dókítà tó dá a dúró kò ní rí i gbà padà. Lẹ́yìn náà ló ṣí ìwé tí akẹ́kọ̀ọ́ fi ń gba àyè bàálù fún mi, àti ìwé àkọsílẹ̀ àtúnṣe. Cessna 172 ni wọ́n ń lò, irú bàálù tó kọ́kọ́ fò ní 1955. Èyí tí mo fi kọ́ṣẹ́ dàgbà jù mí lọ, ṣùgbọ́n ọjọ́ orí kọ́ ni kí ẹ wò, bí kò ṣe bóyá àyẹ̀wò rẹ̀ ń bọ́ sí àkókò. Ní Amẹ́ríkà, bàálù tí ilé-ẹ̀kọ́ fi ń kọ́ni gbowó gbọ́dọ̀ lọ fún àyẹ̀wò ní gbogbo 100 wákàtí. Ilé-ẹ̀kọ́ tó bá bínú nítorí pé ẹ ní kí wọ́n fi àkọsílẹ̀ náà hàn yín, ẹ má padà síbẹ̀.

Olùkọ́ kan náà ló kọ́ mi títí dé ìdánwò, ẹ̀yìn ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ni mo sì ń sanwó. Léraléra ló mú mi gòkè láti kọ́ bí a ṣe ń gba bàálù padà nígbà tí ìyẹ́ rẹ̀ kò bá lè gbé e mọ́, kò sì pariwo mọ́ mi rí. Ní òwúrọ̀ kan tí afẹ́fẹ́ rọlẹ̀, a balẹ̀, ó bọ́ sílẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn, ó ní kí n lọ yí pápá náà po lẹ́ẹ̀kan kí n padà wá. Bàálù tí ènìyàn kan ti kúrò nínú rẹ̀ gbéra kíákíá ju bí mo ṣe mọ̀ ọ́n lọ. N kò lè gbàgbé àga tó ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Wọ́n ní àléébù. Ẹ̀kọ́ mẹ́sàn-án ni a ń ṣe ìdánwò ìwé lé lórí, 75 nínú 100 la gbọ́dọ̀ gbà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, èmi fúnra mi ni mo sì ka púpọ̀ nínú rẹ̀ nílé, torí kíláàsì wọn kò kún tó. Pápá wọn kéré, kò ní ilé-ìṣọ́ ìdarí, nítorí náà nígbà tí mo kọ́kọ́ lọ sí pápákọ̀ ńlá, ọ̀rọ̀ orí rédíò yára ju etí mi lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá yan irú pápá bẹ́ẹ̀, kí ó ní kí olùkọ́ tètè máa mú òun lọ sí ibi tí wọ́n ti ń darí ọkọ̀.

Yúróòpù ní ìwé àṣẹ kan tó fúyẹ́ jù, LAPL, tí 30 wákàtí ló kéré jù fún un. Bàálù tí kò wúwo ju 2,000 kg lọ àti èrò mẹ́ta ló gbà. Ó dára fún ẹni tí kò ní kọjá àgbègbè náà, ṣùgbọ́n kò bá ìlànà ICAO, àjọ àgbáyé fún ọkọ̀ òfurufú, mu, orílẹ̀-èdè mìíràn kò sì ní láti gbà á, ìdí nìyẹn tí n kò fi yàn án.

58 wákàtí ló wà nínú ìwé àkọsílẹ̀ mi lọ́jọ́ ìdánwò, 17 nínú rẹ̀ láti ilé-ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́, níbi tí olùkọ́ kankan kò tíì jẹ́ kí n dá fò. Mo ti tún forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ èkejì láti kọ́ fífò lálẹ́.