MGB, Mazda MX-5 àbí Ìjàpá Volkswagen: Èwo Ni Olówó Kékeré Lè Fi Sáré Láàárín Kóònù Ní Èkó?

Eré tí à ń sọ níhìn-ín, tí wọ́n ń pè ní autocross, kì í ṣe èyí tí ọkọ̀ mẹ́wàá ti ń lé ara wọn. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni ọkọ̀ ń wọ pápá ọlọ́dà tó tẹ́jú, awakọ̀ á máa yí gba àárín kóònù, aago á sì ka àkókò rẹ̀, èyí tí ó sábà máa ń jẹ́ nǹkan bí ìṣẹ́jú kan. Nínú òfin tí wọ́n ń lò ní Amẹ́ríkà, kóònù kọ̀ọ̀kan tí ọkọ̀ bá gbá ń fi ìṣẹ́jú-àáyá 2 kún un. Jíà kejì ni a fi ń sá èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, nítorí náà, agbára ẹ́ńjìnnì kọ́ ló yẹ kí ẹni tí owó rẹ̀ mọ níwọ̀n kọ́kọ́ wò, bí kò ṣe bí ọkọ̀ náà ṣe fúyẹ́ tó àti ibi tí yóò ti rí pátì rẹ̀ rà.

Aṣọ́bodè kò gbà kí a kó ọkọ̀ àlòkù tó ti lé ní ọdún 12 wọ Nàìjíríà. Èyí tó ti wà nílẹ̀ yìí, tí ìwé rẹ̀ pé, nìkan ni kí ẹ máa wá.

Láti 1962 títí di 1980 ni wọ́n fi ṣe MGB, ọkọ̀ eré kékeré, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Mazda MX-5 àkọ́kọ́, tí òun náà jẹ́ ọkọ̀ eré kékeré, jáde ní 1989, wọ́n sì ṣe é títí di 1997. Ẹ́ńjìnnì MGB jẹ́ lítà 1.8, agbára rẹ̀ sì tó ẹṣin 95, lítà 1.6 ni Mazda fi bẹ̀rẹ̀, síbẹ̀ ó tó ẹṣin 115. Táyà ẹ̀yìn ló ń ti àwọn méjèèjì. Abẹ́ ọkọ̀ ni wọ́n ti pínyà: irin pẹlẹbẹ tí a tò léra bíi ti ọkọ̀ akẹ́rù ni sípíríìngì ẹ̀yìn MGB, bí ẹ bá sì yí i lójijì, ó máa ń rò ó díẹ̀ kó tó dáhùn. Ní ti Mazda, táyà kọ̀ọ̀kan ló ń dá gba gbágungbàgun tirẹ̀, kí ẹ sì tó rò ó tán, ó ti yà.

Bí ẹ bá ṣì fẹ́ MGB, ẹ yẹra fún àwọn tí wọ́n ṣe láti ìparí 1974 wá, tí bọ́ńpà wọn jẹ́ rọ́bà, nítorí wọ́n gbé wọn ga sí i, wọ́n sì ń fẹ̀gbẹ́ jù. Àwọn tó wọlé ṣáájú oṣù kẹrin 1972, nígbà tí Nàìjíríà bọ́ sí apá ọ̀tún títì, apá ọ̀tún ni ìdarí wọn wà. Èyí kò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ láàárín kóònù, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ ya ọkọ̀ àjàgbé sílẹ̀ ní Ìkòròdú Road yóò nílò ẹni tí yóò máa bá a yọjú wòwájú.

Ìpẹtà ló ń pa àwọn méjèèjì, pàápàá èyí tó ti pẹ́ nítòsí òkun ní Erékùṣù Èkó. Ẹ fi aṣọ fẹ́lẹ́ bo mágnẹ́ẹ̀tì kékeré, kí ẹ máa fà á lọ nísàlẹ̀ ilẹ̀kùn títí dé táyà ẹ̀yìn. Ibi tí kò bá ti lẹ̀ mọ́, pọ́tì ni wọ́n kùn síbẹ̀, irin ti jẹ tán lábẹ́ rẹ̀. Ní ti Mazda, ẹ rọ omi díẹ̀ sí ojú ihò tó wà lẹ́yìn ìjókòó níbi tí òrùlé aṣọ ń ká sí. Bí kò bá ṣàn jáde sílẹ̀ níwájú táyà ẹ̀yìn, a jẹ́ pé inú irin ni òjò Èkó ń lọ.

Mo mọ̀ pé Ìjàpá Volkswagen kì í ṣe ọkọ̀ eré, ẹṣin 50 kò sì lè kún ojú ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ní 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó pọ̀ ní Ọ̀jọ́, ní Èkó níbí, bóòtì mẹ́rin ló so ẹ́ńjìnnì rẹ̀ mọ́ jíà, kò sì ní rédíétọ̀ tí yóò hó nínú gosiló. Ẹ ṣáà ṣọ́ ẹsẹ̀ yín: ẹ́ńjìnnì wà lẹ́yìn, bí ẹ bá sì yọ ẹsẹ̀ lórí tìrótù lójijì ní kọ́nà, ìdí ọkọ̀ lè fẹ́ ṣáájú orí.

Bó bá jẹ́ owó tèmi, Mazda tí irin rẹ̀ dá ṣáká ni n ó rà. Bí n kò bá rí i, Ìjàpá. MGB wà fún ẹni tó gbádùn kó máa fi ọjọ́ Sátidé sùn sábẹ́ ọkọ̀, tó sì lè fi owó pọ́n-ùn ránṣẹ́ ra pátì. Èyí yòówù tí ẹ bá mú, ẹ ya owó táyà mẹ́rin sọ́tọ̀ kí ẹ tó sanwó ọkọ̀, bí ẹ bá sì dé ọjà pátì ní Ládìpọ̀, ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tí wọ́n tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ táyà: 2319 túmọ̀ sí pé ọ̀sẹ̀ 23 nínú ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é, bó ti wù kó máa dán tó.