Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi “Core i7” bò yín lójú

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ra láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ lóṣù yìí, ẹ fara balẹ̀ ka eléyìí kí ẹ tó fi owó ránṣẹ́. ₦385,000 ni mo fi kọ́ ọgbọ́n tèmi, ní Computer Village, Ìkẹjà, lọ́jọ́ Sátidé kan tí òjò ṣú, tí mo sì ń kánjú kí n má baà há sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọ̀nà Ìbàdàn.

Àbúrò mi ọkùnrin ni mo rà á fún. Iṣẹ́ fídíò ló ń ṣe: ìgbéyàwó, ìsìnkú, ìsọmọlórúkọ. Òun ló ń yà á, òun náà ló ń gé e tó ń tò ó. Kọ̀ǹpútà ọ̀gá rẹ̀ ló ń yá lò lóru. Ó ní, “Àǹtí mi, ẹ ṣáà bá mi wá Core i7, 16GB, kó ní graphics.” (Core i7 ni processor, ìyẹn ọpọlọ ẹ̀rọ; 16GB ni RAM, ibi tó ń kó iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́ sí; graphics ni káàdì tó ń gbé àwòrán.) Mo kọ ọ́ sórí bébà bí ẹni tó ń lọ ra èlò ọbẹ̀. Àṣìṣe àkọ́kọ́ nìyẹn, torí bí mo ṣe yọ bébà náà lójú títì Otigba, ẹni tó fẹ́ jẹ mí ti mọ ohun tí yóò máa pè sí mi létí.

Ọmọkùnrin kan tó dúró lẹ́bàá ọ̀nà ló mú mi. “Màámi, ẹ máa bọ̀, kí lẹ fẹ́ rà?” Òun kọ́ ló ni ṣọ́ọ̀bù tó mú mi lọ. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń fa èèyàn lọ́wọ́ níbẹ̀ kò ní ṣọ́ọ̀bù; orí ọjà ẹlòmíràn ni wọ́n ti ń jèrè, tẹ́ ẹ bá padà wá, ẹ ò ní bá wọn. Ó mú mi gun òkè, ó gbé ẹ̀rọ kan tó ń dán síwájú mi. Ó tan án, ó fi Core i7 hàn mí, ó fi 16GB hàn mí, ó ṣí ojú ewé mìíràn, ó fìka tọ́ ọ: “Graphics rẹ̀ rèé, màámi, 8GB gbáko.” Gbogbo ohun tó wà lórí bébà mi ló pé. Mo sanwó.

Bí àbúrò mi ṣe gbé fídíò ìgbéyàwó kan sórí rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà, fáànù bẹ̀rẹ̀ sí í kùn bí ẹ̀rọ ìlọta. Àwòrán á fò, á dúró, á tún fò. Ó ní kí ó máa gbé fídíò náà jáde, ó lọ sùn. Ó jí laago márùn-ún, kò tíì parí. Ó pè mí. Kò tilẹ̀ bínú, ohùn rẹ̀ kàn lọ sílẹ̀ ni: “Àǹtí mi, ẹ̀rọ 2013 ni wọ́n tà fún yín.”

Orúkọ processor ẹ̀rọ náà ní kíkún ni i7-4600U. “i7” yẹn, orúkọ ìdílé lásán ni. Nọ́mbà tó tẹ̀ lé e ló ń sọ ọjọ́ orí: 4 tó ṣáájú túmọ̀ sí ìran kẹrin, tí Intel, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é, gbé jáde lọ́dún 2013. (Tí ẹ bá rí 10, 11 tàbí 12 níwájú, ẹ ka méjèèjì pọ̀.) Lẹ́tà U tó wà lẹ́yìn ń sọ pé wọ́n ṣe é kó má jẹ iná púpọ̀, kí bátìrì lè pẹ́. Core, ìyẹn apá tó ń ṣiṣẹ́ nínú processor, méjì péré ló wà nínú rẹ̀. i5-8250U tó jáde lọ́dún 2017 ní mẹ́rin. Ẹ ò rí i pé i5 àbúrò ń na i7 ẹ̀gbọ́n.

Ti 8GB graphics yẹn ló dùn mí jù. Ẹ̀rọ náà kò ní káàdì àwòrán tirẹ̀ rárá. Ohun tí Windows ń sọ níbẹ̀ ni pé, tó bá di dandan, òun lè yá àwòrán ní ìdajì RAM. Ìdajì 16 sì ni 8. Ó dà bí kí èèyàn wọn kóńgò gàrí kan náà lẹ́ẹ̀mejì, kó ní kí n sanwó kóńgò méjì. Ẹ ṣí Task Manager, ẹ tẹ Performance, ẹ tẹ GPU. Ibi tí wọ́n kọ “Dedicated GPU memory” sí ni kí ẹ wò. Èyí tí wọ́n kọ “Shared” sí, RAM yín ni, kì í ṣe nǹkan mìíràn.

Ọmọ náà tún ní Windows 11 wà lórí rẹ̀, pé ẹ̀rí nìyẹn pé kò tíì pẹ́. Irọ́ ni. Ìran kẹjọ sókè ni Microsoft fọwọ́ sí fún Windows 11 lára ẹ̀rọ Intel, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ọjà mọ bí wọ́n ṣe ń fi tipátipá gbé e sórí èyí tó dàgbà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Windows 10 ní tirẹ̀, October 14, 2025 ni Microsoft dáwọ́ ìtọ́jú ọ̀fẹ́ rẹ̀ dúró. Nítorí náà ẹ̀rọ ìran kẹrin, ó ti di arúgbó lọ́nà méjèèjì.

Mo padà lọ ní ọ̀sẹ̀ kejì. Ọmọkùnrin yẹn ti pòórá. Ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù wo rìsíìtì mi, ó ní, “Màámi, ẹ ò kúkú bèèrè generation,” ìyẹn ìran rẹ̀. Mo wo rìsíìtì náà. “1 laptop i7.” Kò sí ohun mìíràn níbẹ̀. Kí ni mo fẹ́ gbé lọ sọ́dọ̀ ẹgbẹ́ ọlọ́jà CAPDAN, tàbí FCCPC tó ń gbèjà oníbàárà? Ẹ ní kí wọ́n kọ orúkọ ẹ̀rọ ní kíkún, nọ́mbà processor, RAM, irú disk, àti iye ọjọ́ tí ẹ fi lè dá a padà. Ẹni tó bá kọ̀ láti kọ ọ́, ẹ kí i pé ó dàbọ̀.

Ẹ má gba sítíkà gbọ́. Lára tiwa, lẹ́tà A àti E ti pa rẹ́ lórí kíbọ́ọ̀dù, síbẹ̀ sítíkà i7 ń dán bí ẹni pé àná ni wọ́n lẹ̀ ẹ́. Ojú mi rí i, ọkàn mi kò sọ nǹkan kan. Èyí tó wà nínú Windows náà, wọ́n lè yí i padà. Ẹ pa ẹ̀rọ, ẹ tún un tàn, ẹ wọ BIOS, ojú ewé ètò ẹ̀rọ tó ń wá kí Windows tó ṣí: ẹ tẹ F10 lórí HP, F2 lórí Dell, F1 lórí ThinkPad. Tí BIOS bá ń bèèrè password tí ọlọ́jà kò mọ̀, ẹ gbé e sílẹ̀; ilé iṣẹ́ kan lókè òkun ló tì í pa. Fún bátìrì, ẹ tẹ powercfg /batteryreport sínú Command Prompt, kí ẹ fi Full Charge Capacity (iye iná tó lè gbà báyìí) wé Design Capacity (iye tó ń gbà nígbà tó wà ní tuntun). Tiwa kò tó ìdajì.

Èyí tí ẹ dán wò, ẹ má gbójú kúrò lára rẹ̀ títí yóò fi wọ báàgì yín. “Ẹ jẹ́ kí n bá yín gbé tuntun wá láti ilé ẹrù” ni wọ́n fi ń pààrọ̀ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ yín ni kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀, torí ẹni tí kò mọ iṣẹ́ tó fẹ́ fi ẹ̀rọ ṣe ni wọ́n ń wá. Fún akẹ́kọ̀ọ́, olùkọ́, ẹni tó ń tẹ̀wé tó sì ń wo íntánẹ́ẹ̀tì, i5 ìran kẹjọ, RAM 8GB, SSD (disk ìgbàlódé tó yára) 256GB ti tó. Lẹ́tà U gan-an ló yẹ yín, torí iná NEPA. Wọ́n máa ń ti ẹ̀rọ géèmù ńlá mọ́ irú yín lọ́rùn. Ó wúwo, ó ń gbóná, bátìrì rẹ̀ kì í pẹ́. Ẹni tó ń kọ app, kó wá RAM 16GB. Ẹni tó ń gé fídíò tàbí tó ń ya àwòrán ilé, lẹ́tà H, èyí tó lágbára ju U lọ, ni kó wá lẹ́yìn nọ́mbà, pẹ̀lú 16GB àti káàdì àwòrán Nvidia tó ní 4GB tirẹ̀, ó kéré tán. SSD ni kí gbogbo yín gbà, ẹ má gba hard disk àtijọ́ kódà kí wọ́n ní 1TB ni.

Èmi ni mo ń lo ẹ̀rọ náà báyìí. Ìbéèrè ìdánwò ni mo fi ń tẹ̀, ó sì ń ṣe é láìfọhùn. Àbúrò mi ti ń tọ́jú owó, ó ní òun fúnra òun ni yóò lọ lóṣù tó ń bọ̀. Kò ní mú bébà dání. Flash tí fídíò ìgbéyàwó yẹn wà lórí rẹ̀ ló fẹ́ mú lọ, kí ọlọ́jà ṣí i lójú rẹ̀.