Ẹ ṣọ́ra fún isolator "140A" tí wọ́n ń tà kiri Ìbàdàn

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi bátìrì kejì sínú ọkọ̀, ẹ̀yin DJ, ẹ̀yin tí ẹ ń ta ọtí tútù nínú bọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí kí ẹ tó náwó.

Ẹ̀rọ orin ni mò ń gbé lọ sóde ìnáwó. Bátìrì kejì ló ń gbé amplifier, kí ti ẹ́ńjìnì lè wà fún kíìkì nìkan. Isolator ló wà láàárín wọn. Bí ẹ́ńjìnì bá ń ṣiṣẹ́, á so méjèèjì pọ̀ kí alternator, ẹ̀rọ tó ń ṣe iná lára ẹ́ńjìnì, lè ṣáàjì wọn. Bí a bá pa á, á yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ọ̀kan nínú àwọn tó máa ń gbé àwòrán ọjà sórí WhatsApp ló tà á fún mi. Mọ́kọ́lá la ti pàdé, lẹ́bàá títì, torí ó ní òun ò sí ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ náà. (Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti fura.) ₦28,000. Ó ní ojúlówó Belgium ni. Àpótí dúdú, bóòtù rẹ̀ nípọn, wọ́n kọ 140A sí i lára gàdàgbà, ìyẹn ni pé ó lè gbé iná tó tó amp 140.

Òde àkọ́kọ́ lọ dáadáa. Bí a ṣe ń bọ̀ láti Àpáta, mo gbóòórùn bíi rọ́bà tó ń jó, mo ní ọkọ̀ tó wà níwájú wa ni. Sátidé tó tẹ̀ lé e, a lọ sí Fìdítì. Aago méjì òru, orin parí, mo ṣíná: tà-tà-tà, ó dákẹ́. Bátìrì méjèèjì ti kú fin-ín. Àwọn tó ti mu ẹmu yó ló bá wa ti bọ́ọ̀sì títí ẹ́ńjìnì fi dáhùn, wọ́n sì ń fi orin tì í.

Lọ́jọ́ Ajé, rewaya mi ní Bódìjà tú àpótí náà. Relay kékeré kan, ìyẹn swíìṣì tí iná ń ṣí tó sì ń pa, ló jókòó sínú rẹ̀, irú èyí tó ń gbé họ́ọ̀nù, 40A hàn ketekete lára rẹ̀. Wọ́n kàn fi waya so ó mọ́ bóòtù ńlá tó wà níta ni. Bí bátìrì kejì bá sì ti gbẹ lẹ́yìn òde, iná tí alternator máa tì sí i lẹ́ẹ̀kan náà lè ju 40A lọ dáadáa. Ooru yẹn ló lẹ ojú irin inú relay pọ̀, kò lè ṣí mọ́. Látìgbà náà ni bátìrì méjì ti di ọ̀kan, amplifier ń fa méjèèjì, èmi ò mọ̀. Òórùn ọjọ́ Àpáta, tiwa ni.

Mo pe ọkùnrin náà. Kò tilẹ̀ jiyàn. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú, màá pààrọ̀ rẹ̀." Solenoid, irú swíìṣì ńlá tí iná ń tì, ló gbé wá lọ́tẹ̀ yìí, ó ní èyí kì í bàjẹ́ láéláé. Rewaya fi míta wọn kọ́ìlì rẹ̀, ìyẹn waya tí wọ́n ká sínú rẹ̀: 4 ohm. (Bí ohm bá ṣe kéré tó ni iná tó ń jẹ ṣe máa pọ̀ tó.) Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n, ti kíìkì nìyí. Ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ni wọ́n ṣe é fún. Tí iná bá wà lára ẹ̀ láti ibí dé Ọ̀yọ́, ẹ ó fi sun iṣu." Amp mẹ́ta ni kọ́ìlì yẹn ń jẹ lórí volt 12, ooru bíi 36 watt. Èyí tí wọ́n ṣe láti máa wà lórí iná pẹ́ títí máa ń sún mọ́ 15 ohm. Nítorí náà ẹ mú míta dání lọ sọ́jà.

Ẹ bi òǹtajà pé volt mélòó ni isolator rẹ̀ máa ń so, mélòó ló máa ń yà. Ọ̀pọ̀ ojúlówó máa ń so ní bíi 13.3, á yà ní bíi 12.8, a sì máa ń kọ ọ́ sára rẹ̀ tàbí sínú ìwé rẹ̀. Tèmi kò ní ìwé kankan. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti so ó, ẹ pa ẹ́ńjìnì, ẹ dúró díẹ̀, ẹ tan ohun tí bátìrì kejì ń gbé: bí volt ti àkọ́kọ́ náà bá ń lọ sílẹ̀, kò yà wọ́n. Kí fíùsì wà nítòsí bátìrì kọ̀ọ̀kan. Irú isolator tó ń lo diode (ẹ̀yà tó ń jẹ́ kí iná gba ọ̀nà kan ṣoṣo) máa ń jẹ tó volt 0.6, bátìrì kejì lè má kún. Ọkọ̀ tuntun tí kọ̀ǹpútà ń darí alternator rẹ̀ sì ń fẹ́ DC-DC charger (ṣájà tó ń gba iná alternator, tó ń tún volt rẹ̀ ṣe fún bátìrì kejì), ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta relay fún yín.

Ọkùnrin náà ti dí nọ́ńbà mi pa. Àbúrò mi fi fóònù tirẹ̀ wò ó lánàá: àwòrán àpótí dúdú yẹn ṣì wà níbẹ̀, ó ti di ₦32,000.